Ẹ jẹ́ ká wọn ẹṣin ká tó ná an: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alámòójútó sáfà Minecraft wa

Ẹ̀yin alámòójútó wa,

Mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìnáwó. Mo mọ̀ pé yunifásítì ni púpọ̀ nínú yín ṣì wà, pé àpò ara yín lẹ fi ń san owó sáfà lóṣooṣù, pé bí nǹkan bá bàjẹ́ lóru, ẹ̀yin lẹ ń dìde tún un ṣe. Bí mo tilẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ̀yin lẹ ni ilé, àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín. Mo kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé kì í ṣe èmi nìkan ló kàn. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, géèmù orí kọ̀ǹpútà ni Minecraft, sáfà sì ni kọ̀ǹpútà tó gbé ayé inú géèmù tí gbogbo wa jọ ń ṣeré nínú rẹ̀; dáyámọ́ǹdì la fi ń ṣe owó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ẹṣin inú rẹ̀ ni.

Ọmọ àbúrò mi kan wà lórí sáfà yìí. Ọmọ ọdún 11 ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìsinmi wọn ló fi wà nínú ihò, tó ń wa dáyámọ́ǹdì nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òkúta ti dúdú tí iná yíyọ́ sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kú síbẹ̀, tó pàdánù gbogbo ẹrù tó wà lára rẹ̀. Nígbà tó kó dáyámọ́ǹdì 40 jọ, ó gba ọjà lọ, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ra ẹṣin funfun kan. Ẹni tó tà á fún un ní irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, ó ní eré rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ọmọ náà sáré wá bá mi: "Àǹkù, ẹ wá wo ẹṣin mi!"

Mo máa ń sin ẹṣin, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọ̀nà tààrà kan lẹ́yìn odò tí mo fi òkúta tẹ́, 100 búlọ́ọ̀kù géérégé ni gígùn rẹ̀ (búlọ́ọ̀kù la fi ń wọn ọ̀nà nínú géèmù yìí), ibẹ̀ ni mo ti ń dán ẹṣin mi wò. Mo ní kí ọmọ náà gùn ún láti orí dé òpin, mo di aago fóònù mi mú. Ìṣẹ́jú àáyá 17. Mo ní kó tún un sá. 17 náà ni. Ẹṣin náà kò lè sá tó búlọ́ọ̀kù 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré nínú géèmù yìí ń lọ ní 5.6.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un. Ó wo ojú mi, ó ní, "Bóyá tó bá dàgbà, á máa yára sí i." Ẹṣin tó ti dàgbà ni. Kò sí oúnjẹ, kò sí ìtọ́jú, kò sí ìdánrawò kankan nínú Minecraft tó lè fi kún eré ẹṣin. Bí wọ́n ṣe bí i ni yóò ṣe wà títí tí yóò fi kú.

Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á. Kò rú òfin kankan, nítorí a kò ní òfin kankan lórí rẹ̀. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé òun náà kò mọ bí ẹṣin náà ṣe ń sá. Ó rí i pé ó funfun báláú, ó rò pé ohun tó bá rẹwà á ti dára. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Lọ́jà wa, ẹni tó ń tà kò mọ ohun tó ń tà, ẹni tó ń rà kò mọ ohun tó ń rà, síbẹ̀ wọ́n ń nájà, wọ́n ń sanwó, kálukú ń lọ sílé rẹ̀.

Fún àwọn tí kò tíì fọkàn sí i, nǹkan mẹ́ta ló ń mú kí ẹṣin kan sàn ju òmíràn lọ: ẹ̀mí rẹ̀, eré rẹ̀ àti bó ṣe ń fò. Ẹ̀mí nìkan lojú ń rí. Tí ẹ bá ti jókòó lé ẹṣin, ẹ ó rí àwọn ọkàn pupa nísàlẹ̀, láti méje àbọ̀ dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Eré àti fífò fara pamọ́. Ẹṣin tó lọ́ra jù lọ ń lọ ní nǹkan bí búlọ́ọ̀kù 4.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó yára jù lọ ń lọ ní nǹkan bí 14.2. Ní ti fífò, òmíràn kò lè fò ju búlọ́ọ̀kù kan àti díẹ̀ lọ, òmíràn sì ń fò kọjá 5. Bí géèmù ṣe ń pín eré fún ẹṣin inú pápá dà bí ìgbà tí èèyàn ju dáìsì lúdò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà tó sì ro wọ́n pọ̀: àárín ló máa ń bọ́ sí jù; ní ti eré ẹṣin, àárín náà ni búlọ́ọ̀kù 9 tàbí 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó tó bọ́ sókè pátápátá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní láti dára pa pọ̀, ìyẹn kò sì wọ́pọ̀. Nítorí náà, ẹṣin tó ń lọ ní 13 tọ́ sí owó gidi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, ta ló wọ̀n ọ́n?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ta gàrí. Bí kóńgò bá pé, ẹni tó bá rí i pé ó wọ́n á na ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kò ní sí ìjà. Ọjọ́ tí oníbàárà bá yí kóńgò dojú dé tó rí i pé wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú ni ariwo máa ń sọ. Ọjà ẹṣin tiwa burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé kóńgò gan-an ni kò sí. Inú àpò tí wọ́n ti rán lẹ́nu ni ọlọ́jà ti ń ta gàrí fún wa, à ń gbé e rù lọ sílé kí a tó tú u wò.

Nígbà tí ojú kò rí eré, ó di ohun tó rí mú, ìyẹn àwọ̀. Àwọ̀ 7 ni ẹṣin ní nínú géèmù yìí, oríṣi àmì ara 5, tí a bá ka èyí tí kò ní àmì rárá mọ́ ọn. Tí a bá pa wọ́n pọ̀, oríṣi 35 ni. Kò sí èyí tó fi ìṣísẹ̀ kan yára ju èkejì lọ nítorí àwọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jà wa lónìí, ẹṣin funfun ń lọ ní dáyámọ́ǹdì 40, dúdú ní 30, rúsúrúsú ní 8. Mo ra rúsúrúsú kan ní 8 lóṣù tó kọjá, mo dé ilé mo wọ̀n ọ́n, ó ń lọ ní 12.6. Ẹni tó tà á kò mọ̀. Ìyàtọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo padà lọ fún un ní 5 sí i, ó sì rò pé mo ṣi owó kà ni.

Àwọ̀ sì rọrùn láti rí. Tí ẹ bá mú ẹṣin funfun méjì tí wọ́n ti mọ́ ènìyàn, tí ẹ sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kárọ́ọ̀tì oníwúrà kan, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ni ọmọ wọn yóò funfun. Wúrà tó wọ kárọ́ọ̀tì méjèèjì kò tó odindi wúrà méjì. Ìṣẹ́jú 20 ni ọmọ náà yóò fi dàgbà, kò sì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá ń fún un lóúnjẹ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má sanwó fún ẹwà. Èmi náà ní dúdú kan tí mi ò lè tà, bẹ́ẹ̀ kò lè sá ju 8 lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń ra ẹwà mọ̀ pé ẹwà ni òun ń rà.

Ohun mìíràn wà tó ń da iye rú, àwọn àgbà ọjà wa ni mo sì fẹ́ fi èyí bá sọ̀rọ̀. Àwọn kan ṣì ń pe ẹṣin tó ń lọ ní 13 ní dáyámọ́ǹdì 64, odindi ìdì kan, nítorí pé iye tí wọ́n bá lọ́jà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iye yẹn ní ìdí nígbà náà. Kó tó di oṣù Kẹta ọdún 2023, tí ẹṣin méjì bá bímọ, géèmù á mú eré bàbá, á mú eré ìyá, á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ju dáìsì tuntun kan, á ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, á pín in sí mẹ́ta. Ẹ mú ẹṣin méjì tí wọ́n ń lọ ní 13: dáìsì tuntun náà á sábà bọ́ sí bíi 9.5, ọmọ wọn á wá wà ní nǹkan bí 11.8. Bí òbí bá ṣe dára tó ni ọmọ ṣe ń rẹ̀yìn sí wọn tó. Ẹni tó ní 13 láyé ìgbà yẹn, oríire ló bá a pàdé, ó sì ṣòro púpọ̀ kó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin òmíràn tó dà bí i.

Ẹ̀dà géèmù náà tí wọ́n ń pè ní 1.19.4 ló yí i padà. Láti ìgbà náà, àárín eré àwọn òbí ni eré ọmọ ń yí ká, ó lè lé díẹ̀, ó lè dín díẹ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù lè máa yan èyí tó lé nínú àwọn ọmọ, kó mú wọn gun ara wọn, kó tún yan, títí yóò fi sún mọ́ 14.2 tí géèmù fi ṣe òpin. (Géèmù yìí kò tilẹ̀ ya akọ sọ́tọ̀ sí abo, ẹṣin méjì yòówù lè bímọ. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀.) Ẹṣin méjì tí wọ́n ń lọ ní 11 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìran kẹfà ni mo rí èyí tó ń lọ ní 13.8. Ọmọ ẹṣin 31 ló gbà mí, àti ọ̀pọ̀ alẹ́ tí mo fi ń sá lọ sá bọ̀ lórí ọ̀nà òkúta yẹn pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe oríire mọ́. Owó iṣẹ́ ló yẹ ká máa gbà lórí rẹ̀. Ẹni tó ti san 64 ní ọdún 2022, mo bá a kẹ́dùn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lónìí máa bá a san àdánù rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gàárì. Láyé àtijọ́, a kì í ṣe gàárì fúnra wa. Inú àpótí ìṣúra la ti ń rí i, tàbí kí ẹja pípa gbé e wá, tàbí ká rà á lọ́wọ́ oníṣẹ́ awọ. Ó tọ́ nígbà yẹn kí ọlọ́jà fi 10 lé ẹṣin tó ti di gàárì. Láti ẹ̀dà 1.21.6, tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, awọ mẹ́ta àti irin kan ti tó láti ṣe é. Èènì ló yẹ kí gàárì jẹ́ báyìí.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń rọ̀ yín láti gbé àtẹ iye jáde, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri ọjà pé èyí kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ. Ẹ dákun, ẹ má ṣe é. Ẹni tó ń gbé orí òkè ń wá ẹṣin tó mọ̀ ọ́n fò, eré kò jẹ ẹ́ lógún. Ẹni tó ń gba aṣálẹ̀ lọ sí ìlú tó jìnnà, eré ló ń wá. Ẹni tó ń bá àwọn abàmì ẹ̀dá òru jà fẹ́ èyí tí ọkàn rẹ̀ pọ̀. Iye kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo wọn mu. Bí àwa tí à ń sin ẹṣin bá sì ṣe ń pọ̀ sí i, iye á máa wá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àtẹ yín á sì máa pa irọ́ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n á kó ẹṣin kúrò lọ́jà, wọ́n á máa tà á lẹ́yìn igbó lóru, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rẹ́ àwọn ọmọdé jẹ dáadáa.

Ní tèmi, bí mo ṣe ń tà á nìyí, kì í ṣe òfin fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò tó 8, mi ò kì í tà á; mo ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, kí wọ́n má baà fi ẹsẹ̀ rìn ní ọjọ́ kìíní. Láti 9 sí 11, dáyámọ́ǹdì 3 sí 5. Èyí tó bá kọjá 12, mo ń gba 8. Èyí tó bá kọjá 13, mo ń gba 15, tó bá tún mọ̀ ọ́n fò kọjá 4 àbọ̀, mo ń fi 3 lé e. Mi ò tíì ta ẹṣin kan ju 20 lọ, mi ò sì tíì pàdánù.

Ìwọ̀n ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ọwọ́ yín gan-an sì ni òṣùwọ̀n wà. Àṣẹ kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ sínú géèmù, wà láti ẹ̀dà 1.16, /attribute, tí alámòójútó lè fi bèèrè eré ẹṣin tí nọ́ńbà rẹ̀ á sì jáde lójú ẹsẹ̀. Ìlà kan péré ni. Àwa ọlọ́jà kò ní àǹfààní láti lò ó. Nọ́ńbà tó máa jáde á wà láàárín 0.1125 àti 0.3375, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 42.16, iye búlọ́ọ̀kù tí ẹṣin náà ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Fífò náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, láti 0.4 dé 1.0. Tí ẹnìkan nínú yín bá lè yọ̀ǹda wákàtí kan ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ta ẹṣin mú un wá sẹ́nu ọjà, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ mọ̀ pé ìwé tí a bá ti buwọ́ lù nínú géèmù yìí kò ṣeé yí padà mọ́, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà lára rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá sì dà á kọ, á hàn pé ẹ̀dà ni.

Kí orúkọ tó wà nínú ìwé bá orúkọ tó wà lórí ẹṣin mu, ẹ lè fi àmì orúkọ sọ ẹṣin náà lórúkọ. Mo ti rí ihò tó wà níbẹ̀: oníjìbìtì lè ra àmì orúkọ mìíràn, kó fi orúkọ ẹṣin rere pe ẹṣin burúkú, kó sì fi ìwé àkọ́kọ́ tà á. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ kọ àwọ̀, àmì ara àti iye ọkàn rẹ̀ sínú ìwé kan náà. Oníbàárà á gun ẹṣin, á ka ọkàn, tí kò bá bára mu, kó sọ̀ kalẹ̀. Kò ní dí gbogbo ihò, ṣùgbọ́n ó máa mú kí iṣẹ́ oníjìbìtì le fún un.

Ọ̀kan nínú yín ti sọ fún mi rí pé ẹ kò fẹ́ máa lo àṣẹ nínú ayé tí a ní kí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ là. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yẹn, ó wà lára ohun tó mú mi dúró síbí. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ kàn fẹ́ ka ohun tó ti wà lára ẹṣin láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni. Tí ọkàn yín kò bá sì gbà á síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣe ọ̀nà ìdánwò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. 100 búlọ́ọ̀kù, pẹ̀lú 10 ṣáájú tí ẹṣin á fi mú eré kó tó dé ibi tí à ń kà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ògiri mẹ́rin: 2, 3, 4, 5 ní gíga. Èmi ni màá pèsè gbogbo òkúta rẹ̀. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ó bá ń fà, ẹṣin á dúró gbọin, á tún fò síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, aago yín á sì parọ́. Kí wọ́n sá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí a mú èyí tó wà láàárín, kó sì jẹ́ òwúrọ̀ kùtù tí èrò kò tíì pọ̀.

Òfin kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ fi tì í: tí ẹnìkan bá ra ẹṣin, tó sì wọ̀n ọ́n láàárín wákàtí 24, tí eré rẹ̀ kò tó èyí tí ọlọ́jà sọ, kí ọlọ́jà gba ẹṣin rẹ̀ kó dá owó padà. Ẹni tí kò bá sọ nọ́ńbà kankan kò parọ́. Àwọ̀ ló tà, kó kọ ọ́ sára pátákó rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ káàdì fóònù. Ẹ ti gbọ́ pé àwọn kan ti ń gba káàdì ìpè lọ́wọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó fún wọn ní ẹṣin. Láti ọdún 2014 ni Mojang, ilé iṣẹ́ tó ṣe Minecraft, ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó ni sáfà kò gbọdọ̀ máa gba owó gidi fún ohun tó ń fún ẹnìkan ní agbára ju ẹlòmíràn lọ nínú géèmù. Ẹ̀yin kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ń yìn yín fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á láyè lọ́wọ́ àwa ọlọ́jà náà. Káàdì tí ọmọ ọdún 11 bá fi ra ẹṣin, inú àpò ìyá rẹ̀ ló ti jáde.

Mo fẹ́ fún ọmọ àbúrò mi ní ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin mi tó kọjá 12. Kò gbà á. Ó ti sọ funfun náà lórúkọ, ó ń gùn ún yí ilé rẹ̀ ká, ó ní tí òun bá máa ra òmíràn, dáyámọ́ǹdì òun lòun máa fi rà á, lọ́jà, bíi ti gbogbo èèyàn. Ó ti padà sínú ihò. Ó pè mí lánàá, ó ní 14 ló ti pé báyìí. Tí ẹ bá lè gbé òṣùwọ̀n sẹ́nu ọjà kó tó pé 40, inú mi á dùn púpọ̀. Ẹṣin tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Olùsin ẹṣin ẹ̀yìn odò